Kí Ẹja Tó Jọ Gbé Inú Táǹkì Kan

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táǹkì gíláàsì ní Òṣogbo tàbí Iléṣà kì í pẹ́ bi mí pé, "Ẹja wo ló lè bá èwo gbé?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, pàápàá bó bá jẹ́ cichlid ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Ìdílé ẹja tí epìyà tí à ń sè lọ́bẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni cichlid: ẹja ẹlẹ́wà ni, ó gbọ́n, ó mọ ọmọ tọ́jú, ó sì mọ ìjà jà. Ìdáhùn tí àwọn tó ń tà á máa ń fún oníbàárà kì í ju gbólóhùn kan lọ: "Ará Áfíríkà ni gbogbo wọn, wọ́n á mọwọ́ ara wọn." Gbólóhùn yẹn ti pa ẹja ju àìsàn lọ.

Áfíríkà kì í ṣe odò kan. Láti àwọn odò kéékèèké gúúsù Nàìjíríà, níbi tí Pelvicachromis pulcher ti wá, dé Adágún Malawi tí àwọn cichlid tí wọ́n ń pè ní mbuna ń gbé, ó lé ní 3,000 kìlómítà. Omi wọn kò jọra, oúnjẹ wọn kò jọra, bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ kò sì jọra. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí tó láti mọ̀ pé ohun mẹ́ta ló yẹ ká wádìí nípa ẹja kọ̀ọ̀kan ká tó wá ẹlẹgbẹ́ fún un: omi wo ló ti wá, kí ló ń jẹ, kí ló sì ń ṣọ́? Ìkẹrin wà tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sábà bi, tí èmi kì í fò: bí iná bá lọ lálẹ́, tí kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́, èwo ni yóò kọ́kọ́ kú nínú wọn?

Ká mú omi ṣáájú. Orí àpáta líle ni ilẹ̀ wa jókòó lé, láti Òṣogbo dé Iléṣà. Omi kànga àti ti bọ́hóòlù tó ń jáde láàárín irú àpáta bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rọ̀. Ẹni tí kò ní ohun ìwọ̀n lè fi ọṣẹ mọ̀ ọ́n: ìwọ̀nba ọṣẹ díẹ̀ ti tó láti mú un hó yeye. pH rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 6 sí 7, ìyẹn ni pé ó tẹ̀ sí apá kíkan díẹ̀. Ti Adágún Malawi wà láàárín nǹkan bíi 7.8 sí 8.6, ti Adágún Tanganyika tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń lọ sí 9. Ẹja tí a bá gbé láti irú omi bẹ́ẹ̀ sínú omi kànga wa kì í kú lọ́jọ́ kan. Á máa jẹun, á máa lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ á máa ṣá, àìsàn á máa tètè mú un, olówó rẹ̀ á sì máa ní àwọn tó ń bá a gbé ló ń fìyà jẹ ẹ́.

Ìtàn Ìjẹ̀ṣà sọ pé Ajíbógun rìn dé òkun lọ bu omi tí wọ́n fi wo ojú Odùduwà sàn. Ẹni tó fẹ́ sin ẹja Malawi kò ní láti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta oúnjẹ adìẹ ni kó lọ, kó ra ìkarawun inú òkun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n máa ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin kí èèpo ẹyin lè le. Kó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ gaara, kó dì í sínú àpò àwọ̀n, kó gbé e síbi tí omi fíltà ti ń kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́, tí yóò máa sọ omi di líle, tí yóò sì máa lé kíkan inú rẹ̀ lọ. Iyọ̀ ìsebẹ̀ kọ́ o. Malawi kì í ṣe òkun, omi rẹ̀ kò níyọ̀. Táǹkì tí a bá ti ṣe báyìí, ti ẹja adágún ni; ẹja odò wa kò ní àyè nínú rẹ̀ mọ́. Ìpinnu àkọ́kọ́ nìyẹn, omi ló sì ń ṣe é fún wa.

Àwọn kan máa ń ní ká lọ sí odò Ọ̀ṣun lọ bu omi, ká kó òkúta àti yanrìn ibẹ̀ wá. Èmi kì í ṣe é. Lọ́nà kìíní, ẹni tó bá mọ ìtàn Láróóyè, ọba àkọ́kọ́ ní Òṣogbo, àti ẹja tí odò fi dá a lóhùn mọ̀ pé ẹja Ọ̀ṣun kì í ṣe ẹja tí à ń fọwọ́ pa lára. Nínú Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, ẹnikẹ́ni kì í ju àwọ̀n. Lọ́nà kejì, ìwakùsà góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi náà di pupa rúsúrúsú. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó wá sọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Omi tí ènìyàn kò lè mu, táǹkì kọ́ ló yẹ kó gbé e sí, yanrìn ibi ìwakùsà kò sì dára fún ẹja. Òkúta àwọn tó ń fọ́ gíráníìtì tó fún wa. Fún ihò tí ẹja yóò máa wọ̀, ìkòkò amọ̀ Ìpetumodù tó bá ti là ni mo fẹ́ràn jù. Dà á dojú bolẹ̀, fọ́ etí rẹ̀ díẹ̀, ilé ti dé.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni pé kó má bá omi ilé rẹ̀ jà. Cichlid tó bá omi wa mu wà nítòsí. Pelvicachromis pulcher, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kribensis, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà ni. Láti 1901 ni Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja, ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Akọ rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ, abo kéré sí i. Abo ló lẹ́wà jù nígbà tó bá fẹ́ yé: ikùn rẹ̀ á pọ́n, á ká ara rẹ̀ kò, á máa gbọ̀n níwájú akọ, á máa fi ikùn hàn án. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kó yanrìn jáde lábẹ́ ìkòkò, ẹnu kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀kùn yóò fi há débi pé abo nìkan ló lè gbà á kọjá láìfara họ. Òrùlé inú ìkòkò ni abo ń lẹ ẹyin mọ́. Inú ló máa wà, akọ á wà níta.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìyá wọn káàkiri yanrìn, ẹ wo ìyá náà dáadáa. Bí òjìji bá kọjá lára gíláàsì, á gbọn ìyẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Gbogbo ọmọ á balẹ̀ sórí yanrìn wọ̀ọ̀, wọn ò ní mira mọ́, ojú ènìyàn kò sì ní rí wọn. Àsìkò yìí ni ẹja jẹ́jẹ́ tó ti ń gbé táǹkì láti oṣù mélòó kan á dédé di oníjàgídíjàgan. Ohun tó ń lé kò ju ẹja tó bá sún mọ́ ilẹ̀ lọ. Corydoras, ẹja kékeré ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, kì í mọ ibi tí ààlà wà. Á máa padà wá tú yanrìn lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n á sì máa já a jẹ títí wọn yóò fi pa á. Corydoras kì í ṣe ọ̀tá wọn. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń fẹ́.

Nítorí náà, kí n tó wo ìwà ẹja, ibi tó ń lúwẹ̀ẹ́ sí ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ìsàlẹ̀ ni pulcher ń gbé. Àárín àti òkè ló yẹ kí àwọn tó máa bá a gbé wà. Brycinus longipinnis, tó wá láti odò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí, dára fún àárín, bó bá jẹ́ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Phenacogrammus interruptus láti Kóńgò náà dára, ara rẹ̀ a sì máa kọ mọ̀nàmọ̀nà bí oòrùn bá kàn án. Fún òkè pátápátá, Fundulopanchax gardneri wà, tí irú rẹ̀ kan ń jẹ́ orúkọ Àkúrẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sìn ín káàkiri ayé. Kí a má kó akọ rẹ̀ méjì pọ̀ o, kí a sì rí i pé ọmọrí táǹkì dé dáadáa, torí ó mọ fífò. Pantodon buchholzi, tó ń na ìyẹ́ bíi labalábá lójú omi, tọ́ sí òkè bákan náà, bí kò bá sí ẹja tó kéré tó ẹnu rẹ̀ nítòsí. Nínú táǹkì tí kò gùn tó mítà kan, tọkọtaya pulcher kan ṣoṣo ni ìwọ̀n.

Kì í ṣe gbogbo cichlid odò wa ló rọrùn bẹ́ẹ̀. Hemichromis fasciatus, tó ní àmì dúdú márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́, ẹja apẹja ni. Ọmọ rẹ̀ lẹ́wà tí wọ́n bá gbé e wá láti odò, ṣùgbọ́n ó lè gùn ju ogún sẹ̀ǹtímítà lọ, ohunkóhun tó bá wọ ẹnu rẹ̀ ti di oúnjẹ. Hemichromis kékeré tó pupa yòò, tó ní àmì búlúù wínníwínní lára, náà kì í gba ẹnikẹ́ni láyè bó bá ti yé. Ẹni tó bá fẹ́ràn irú wọn, kó fún tọkọtaya kan ní táǹkì tiwọn. Epìyà ọbẹ̀ ńkọ́? Ó máa ń tóbi ju táǹkì lọ, ó sì máa ń hú gbogbo ewéko. Odò ìsìnja ló tọ́ sí.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ gbogbo èyí. Malawi ni wọ́n rí lórí fóònù, àwọ̀ Malawi ni wọ́n fẹ́. Ó dára. Oríṣi méjì pàtàkì ló ń dé ọjà wa láti Malawi, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe kókó. Mbuna ni àwọn tó ń gbé inú àpáta, tó ń họ ewédò ara òkúta jẹ. Ìfun wọn gùn nítorí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Aulonocara, tí wọ́n ń pè ní peacock, orí yanrìn ló ń wà, kòkòrò inú yanrìn ló sì ń wá jẹ. Bí a bá kó wọn pọ̀, oúnjẹ ta ni a fẹ́ fún wọn? Oúnjẹ ẹlẹ́ran tó mú peacock sanra ló ń wú mbuna níkùn, àìsàn ikùn wíwú náà kì í sì í sábà gbóògùn. Ká tiẹ̀ ní oúnjẹ bá wọn mu, ìwà kò bá mu. Níwájú mbuna, akọ peacock tí a torí àwọ̀ búlúù rẹ̀ san owó gọbọi á ṣá títí yóò fi rí eérú bí abo. Ó ń fara pamọ́ ni.

Akọ mbuna tó bá ti gba ihò òkúta a máa dúró lẹ́nu rẹ̀ bí òṣómàáló lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í wábi lọ. Ẹni tó sì ń le mọ́ jù lọ ni akọ tó jọ ọ́, torí ẹni tó jọ ọ́ ló lè gba ihò àti abo rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń yan mbuna nípa ìyàtọ̀ àwọ̀. Labidochromis caeruleus, yẹ́lò tó rọlẹ̀, àti Iodotropheus sprengerae, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí irin tó dípẹtà tí elésèé àlùkò bù mọ́, lè jọ gbé láìjà púpọ̀. Akọ kan sí abo mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí ìyọnu akọ má bàa dá lé abo kan lórí. Melanochromis auratus àti Maylandia lombardoi ni kí a sá fún. Wọ́n lẹ́wà lọ́mọdé, wọn kì í wọ́n, wọ́n sì pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí akọ wọn bá bàlágà, wọ́n lè dá gbogbo táǹkì rú.

Màmá kan ní Iléṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní irú auratus bẹ́ẹ̀ kan. Ó pè mí, ó ní, "Ọmọ mi, oníla dúdú yìí kò jẹ́ kí àwọn yòókù jẹun mọ́. Ṣé kí n sè é ni?"

Mo ní, "Ẹ má sè é, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ilé rẹ̀."

A kó gbogbo òkúta jáde, a tún wọn tò lọ́nà mìíràn pátápátá. Nígbà tí auratus padà, kò rí ihò rẹ̀ mọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò mọ ibi tí yóò ṣọ́. Fún ọjọ́ mélòó kan, ẹja gbogbo jẹun. Màmá ń yọ̀, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé ìsinmi ránpẹ́ ni, yóò wá ihò mìíràn. Ó sì wá a. Auratus ni a gbé kúrò níkẹyìn. Àwọn tó ń lù ni a fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe òdì-kejì èyí: ẹja tí wọ́n ń lù ni wọ́n ń yọ, torí òun ni àánú ń ṣe wọ́n. Bí a bá yọ ẹni tí wọ́n ń lù, ẹni tó tẹ̀ lé e ni yóò máa jẹ ìyà náà, títí yóò fi ku ẹyọ kan.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún kan ọmọ bíbí. Nínú Adágún Victoria, Pundamilia nyererei wà, tí wọ́n fi orúkọ Julius Nyerere ti Tanzania sọ. Akọ rẹ̀ pupa. Ìbátan rẹ̀, Pundamilia pundamilia, búlúù. Abo méjèèjì sì jọra gan-an. Àwọ̀ akọ ni abo fi ń mọ ọkọ rẹ̀. Ní 1997, Ole Seehausen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn Science pé níbi tí ìdọ̀tí ti sọ omi di bàìbàì, abo kì í lè fi àwọ̀ yàn mọ́, oríṣi méjì a sì dà pọ̀ mọ́ra. Nínú táǹkì, kò dìgbà tí omi bá bàìbàì. Tí abo kò bá rí akọ tirẹ̀, èyí tó wà ni yóò fẹ́. Bí Labidochromis yẹ́lò àti Maylandia estherae ṣe ń bí ọmọ àdàlù nìyẹn, tí wọ́n ń gbé wọn dé ọjà pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹni tó ń ra irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìwà tó ń rà.

Adágún Victoria yìí kan náà ló kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ tó tóbi jù lọ lórí ẹlẹgbẹ́ tí kò yẹ. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n kó Lates niloticus, ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní Nile perch, sínú rẹ̀ kí ẹja lè pọ̀ fún títà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ó ti bí sí i lọ́nà àrà, ó sì jẹ cichlid ibẹ̀ débi pé àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé nǹkan bí 200 oríṣi ló pòórá. Ẹja yìí ń gbé odò Ọya níbí láti ayébáyé, cichlid odò Ọya sì wà síbẹ̀, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ti Victoria kò mọ̀ ọ́n rí.

Àrọ̀ ni tiwa. Nínú odò ìsìnja káàkiri ìpínlẹ̀ yìí, àwọn àgbẹ̀ máa ń fi àrọ̀ sáàárín epìyà, wọ́n sì jàre. Epìyà ń bímọ jù, ọmọ a pọ̀, gbogbo wọn a ràn. Àrọ̀ ń jẹ ọmọ náà, ìwọ̀nba tó kù a sì tóbi. Ẹlẹgbẹ́ rere ni níbẹ̀, iṣẹ́ jíjẹ ọmọ ẹja gan-an ni a torí rẹ̀ gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àrọ̀ tó rí bí ìka lónìí, tí wọ́n fi sínú táǹkì kó máa gbá ìdọ̀tí ìsàlẹ̀, yóò gbá cichlid mọ́ ọn kí ọdún tó yí po. Ẹni tó bá fẹ́ ẹja oníwáyà-ẹnu nínú táǹkì Malawi, kó wá Synodontis multipunctatus láti Tanganyika. Omi wọn bára mu, ara rẹ̀ le, ihò náà kì í sì í gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó kàn mọ̀ pé olè ọmọ ni: nígbà tí cichlid tó ń fi ẹnu gbé ẹyin bá ń yé lọ́wọ́, á sáré ju ẹyin tirẹ̀ sáàárín. Ìyá á kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, ọmọ Synodontis á kọ́kọ́ pa, á sì jẹ ọmọ onílé nínú ẹnu ìyá wọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹnì kan lè rò pé ohun tó dára jù ni kí a fi ẹja méjì péré sílẹ̀ kí wọ́n sinmi. Konrad Lorenz, ọmọ ilẹ̀ Austria tó wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1973, ti dáhùn ìyẹn nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjà, tó jáde ní 1963. Ó rí i pé tọkọtaya cichlid tí kò ní aládùúgbò tí wọ́n lè jọ dojú kọ máa ń yíjú síra wọn, ọkọ a sì lè pa aya. Èmi náà ń rí i. Ẹja tó ń kọjá lókè ń ṣe iṣẹ́ méjì fún pulcher: akọ ń rí ẹni tí yóò máa lé láìlè bá a, ara abo sì ń balẹ̀, torí ẹja òkè tó ń rìn fàlàlà jẹ́ àmì pé kò sí ewu nítòsí. George Barlow, tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí irú ẹja afọkànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1968. Táǹkì tó dákẹ́ rọ́rọ́ kì í fìgbà gbogbo jẹ́ táǹkì àlàáfíà. Ìjà díẹ̀ tí a pín káàkiri sàn ju ìjà púpọ̀ tó dá lé ẹyọ kan lórí.

Láti inú èrò yìí ni àṣà tí àwọn òyìnbó ní lórí mbuna ti wá: wọ́n á kó wọn jọ fọ́fọ́, kí akọ kankan má lè ráyè gba ilẹ̀, kí ìyà sì pín sára púpọ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ó ń ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ wa, iná ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Bí iná bá lọ, fíltà á dúró. Omi gbígbóná wa kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ sára tẹ́lẹ̀, ẹja tó pọ̀ á sì tètè mí i tán. Ẹ̀gbin wọn á di amóníà. Níhìn-ín ni omi líle ti ń ṣe bí ọ̀tá: ní pH 7, ìdá amóníà tó ń pa ẹja kò tó 1 nínú 100; ní pH 8.5, ó ti tó 15 nínú 100. Èyí já sí pé ìwọ̀n ẹ̀gbin kan náà tí pulcher lè fara dà di ilẹ̀ mọ́ lè pa mbuna kí àkùkọ tó kọ. Akọ tó tóbi jù ló sì máa ń kọ́kọ́ gbòkè wá máa gba afẹ́fẹ́ lójú omi, torí ara ńlá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀.

Fún ìdí èyí, iye ẹja tí omi lè gbé láìsí iná ni mo fi ń ṣírò, n kì í fi èyí tí fíltà lè gbé ṣe é. Nínú táǹkì 200 lítà tó gùn ní mítà kan, bó bá jẹ́ omi kànga wa lásán, tọkọtaya pulcher kan, Brycinus mẹ́jọ, akọ gardneri kan pẹ̀lú abo méjì, ó tó. Bó bá jẹ́ omi líle, Labidochromis márùn-ún àti Iodotropheus márùn-ún, akọ kan péré nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, ó tó. Ẹni tó fẹ́ nǹkan kékeré tó yàtọ̀, Neolamprologus multifasciatus ti Tanganyika wà, tí kì í tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Inú ìkarawun ìgbín òfìfo ló ń gbé, ìkarawun ìgbín kò sì ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Sè é, fọ̀ ọ́, tò ó sórí yanrìn, má fi cichlid mìíràn sí i.

Bí a ti ń kó wọn wọlé náà ṣe pàtàkì. Ẹja tuntun á kọ́kọ́ dá wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí táǹkì kékeré fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, ká lè mọ̀ bóyá àìsàn ń bẹ lára rẹ̀. Èyí tó rọlẹ̀ jù ló máa ń wọlé ṣáájú, kó ti mọ ibi tó lè sá sí. Èyí tó le jù ló ń kẹ́yìn. Alẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti pa iná táǹkì, ni ó dára jù láti dà wọ́n sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má wo ẹja tó ń léni. Ẹ wo ẹja tó wà lọ́nà igun lókè, lẹ́bàá ọ̀pá fíltà, tí ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Bó bá jáde wá jẹun, ìṣòro kò sí. Bí kò bá jáde wá fún ọjọ́ méjì, ẹ ti kó àwọn tí kò yẹ pọ̀, kò sì sí oògùn tí yóò yí i padà.

Bí oníbàárà bá wá ní Malawi ṣì lòun fẹ́, mi ò ní bá a jiyàn. Owó rẹ̀ ni. Ohun tí mo máa ń ní kó kọ́kọ́ rà ni pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì, kó gbé e sára táǹkì òfìfo, kó pa iná ilé láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀, kó wò ó bóyá pọ́ǹpù náà ṣì ń tu afẹ́fẹ́. Bó bá ṣì ń tu ú, kó pè mí, ká wá sọ̀rọ̀ ẹja.